Kíkọ́ ọmọ kékeré nílé: ohun tó yẹ kí òbí Yorùbá ní Lọ́kọ́jà mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀

Bí ìpàdé ẹgbẹ́ wa bá ti parí báyìí, kí a tó kó àga padà sí àyè wọn, ìyá kan á ti fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìbéèrè kan náà ni: ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn lè kọ́ ọmọ ẹ̀ fúnra ẹ̀ nílé, láì rán an lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi? Ṣé ìjọba ò ní mú wa? Ṣé ọmọ náà ò ní gọ̀ láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀? Homeschooling ni àwọn olóyìnbó ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ọ̀rọ̀ tèmi dá lé. Mo ti ṣe é. Apá kan dáa, apá kan ò dáa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n lè sinmi ẹnu.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni omi bo títì Ganaja mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà ní Lọ́kọ́jà nígbà náà ò nílò àlàyé lọ títí. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń wọ ìgboro, ilé ìwé tí ọmọ wa ọkùnrin ń lọ sì wà ní òdì kejì omi. Ọmọ ọdún mẹ́rin lé díẹ̀ ni. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni, ó di ọ̀sẹ̀ méjì, omi ò fà. Mo wá ní kí n máa tún ohun tó ti kọ́ kọ́ ọ kó má baà gbàgbé. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó lè gbàgbé. Ó mọ orin A B C látòkè délẹ̀, àmọ́ bí mo bá tọ́ka sí lẹ́tà kan ṣoṣo, ojú mi ló máa ń wò. Nígbà tí omi fà tán, èmi àti bàbá ẹ̀ jókòó, a ṣírò owó ilé ìwé, a ṣírò owó kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, a ní kó máa kàwé nílé títí yóò fi pé ọdún mẹ́fà.

Ohun tí òfin sọ

Ẹ jẹ́ ká mú èyí kúrò lọ́nà ná, torí òun ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní abala 18, ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan nígbà tó bá ṣeé ṣe. Òfin tó wá gbé ẹrù lé òbí lórí gan-an ni òfin UBE ti ọdún 2004. Abala kejì ẹ̀ sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, kó sì parí méjèèjì. Òbí tí wọ́n bá dá lẹ́bi, ìkìlọ̀ ni ilé ẹjọ́ máa kọ́kọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn ₦2,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000, tàbí oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Owó yẹn lè pa yín lẹ́rìn-ín lónìí, àmọ́ ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Òfin náà ò dárúkọ kíkọ́ ọmọ nílé rárá. Kò ní kí a má ṣe é, kò sì ní kí a máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ni kí ẹ wò. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí, ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń wọ kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún wà ní ọdún kan tó ṣáájú ẹ̀, tí a mọ̀ sí kindergarten. Láti ọdún mẹ́rin wá sílẹ̀, ìtọ́jú ọmọdé ni wọ́n kà á sí. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin nílé, kò sí ẹni tó máa bá a fà á. Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ ń le, èmi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kọjá ibẹ̀ láì bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀.

Ẹ má fi ti London wọn tiwa. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà níbẹ̀ máa ń sọ lórí fóònù pé kò sí wàhálà, ìyá lágbájá ń kọ́ ọmọ mẹ́ta nílé. Òótọ́ ni. Òfin ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1996, sọ ọ́ gbangba pé ọmọ lè gba ẹ̀kọ́ ní ilé ìwé tàbí lọ́nà mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n ní Jámánì, ilé ìwé ni dandan, wọn kì í sì í gba kí òbí kọ́ ọmọ nílé dípò ẹ̀. Ilẹ̀ kálukú àti òfin ẹ̀.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe

Mo sọ ilé di ilé ìwé. Mo ra agogo. Mo wọ yúnífọ́ọ̀mù fún ọmọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo ní kó máa pè mí ní "Auntie", kó má pè mí ní Màámi títí di aago kan. Mo ra ìwé iṣẹ́ mẹ́fà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, bí ó bá ti rí agogo yẹn, ẹkún ló máa bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ń sunkún ní kọ̀rọ̀, torí oníbàárà ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ìrẹsì ń jóná, ọmọ ò sì kọ "b" kankan.

Bàbá ẹ̀ ló gbé agogo yẹn sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ìyá Àkàndé, ọmọ ọdún mẹ́rin mélòó ni ẹ rí tó jókòó fún wákàtí márùn-ún?" Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, ìṣẹ́jú ogún là ń lò lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ìṣẹ́jú ogún fún ìwé kíkà. Ṣeré. Kí oòrùn tó mú, ìṣẹ́jú ogún fún ìṣirò. Ìrọ̀lẹ́, ìtàn tàbí àlọ́. Ó tán. Ẹni tó bá mọ ooru Lọ́kọ́jà ní oṣù kẹta mọ̀ pé lẹ́yìn aago mọ́kànlá, àgbà pàápàá ò lè ronú, áḿbọ̀sìbọ́sí ọmọdé.

Ẹ má sì jẹ́ kí bírò yá jù. Ìka ọmọ gbọ́dọ̀ lágbára ná. Ẹ̀gúsí bíbó, ẹ̀pà pípa, ẹ̀wà ṣíṣà, aṣọ sísá sórí okùn, gbogbo wọn ló ń mú ìka le. Orí iyanrìn ni Àkàndé ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà, ó ń fi ìka kọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ pa á rẹ́. Ìwé kò ṣòfò, kò sì sí ẹni tó ń jágbe mọ́ ọn pé ó kọjá ìlà. Ẹ ó rí i pé ohun tí wàláà ń ṣe ní ilé kéwú láti ayébáyé náà nìyẹn.

Èdè wo ni ká fi kọ́ ọ?

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ nìyí, torí ibẹ̀ ni ó dùn mí sí.

Ní ilé ìwé tí ọmọ wa kọ́kọ́ lọ, wọ́n pè wá, wọ́n ní ká má fi vernacular ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́ nílé. A gbọ́ràn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo fi ń kọ́ ọ. Lójú títì, Pidgin àti Hausa ni àwọn ọmọ fi ń ṣeré. Nínú ọgbà wa, Igala, Ẹbìrà àti Nupe wà níbẹ̀. Ọmọ mi mọ "abeg" kó tó mọ "ẹ jọ̀ọ́". Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ mi pè láti Ìkìrun. A gbé fóònù fún ọmọ. Màmá ń ki í, wọ́n ń pe oríkì ẹ̀, wọ́n ń bi í pé kí ló jẹ. Ọmọ náà wo ojú mi, ó ní, "Mummy, what is she saying?" Màmá gbọ́. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ gbé e fún bàbá ẹ̀."

Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ìtìjú. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ìgbà mélòó ni wọ́n tún fẹ́ bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀?

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé Yorùbá á fa ọmọ sẹ́yìn, kí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fún wọn ní olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà yẹn ò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, oṣù kan lẹ́yìn omíyalé wa, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Tèmi ni pé kí wọ́n kọ ọ́ ní o, kí wọ́n pa á rẹ́ ní o, àwa tí a wà lẹ́yìn odi ò lè fi èdè ọmọ wa dúró de ìjọba. Ibi tí ọmọ ti lè gbọ́ Yorùbá ní Lọ́kọ́jà ni ilé àti ẹgbẹ́.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ nìyí. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25: fáwẹ̀lì méje, kọ́ńsónáǹtì méjìdínlógún. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn fáwẹ̀lì àránmúpè. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ lẹ́tà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Lọ́jọ́ kejì, da, de, dẹ. Bí ọmọ bá ti mọ ìlà mẹ́rin báyìí, ó ti lè ka bàbá, bàtà, adé, àdàbà, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọmọ tó kí ó rí i pé òun lè ka nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. "C" inú cat àti "c" inú city ò bára mu. Nítorí náà Yorùbá rọrùn láti fi kọ́ ìwé kíkà ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ á sì gbé ọgbọ́n yẹn lọ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Àmì ohùn ni ọ̀pọ̀ òbí ń sá fún, torí àwa náà ò mọ̀ ọ́n fi sí i. Kò le. Dò, re, mí. Ẹ ní kí ọmọ rẹ ọwọ́ sílẹ̀ fún dò, kó nà án tààrà fún re, kó gbé e sókè fún mí. Ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ Ọ̀kẹ́nẹ́, ọkọ ìyá: ẹ pè wọ́n, kí ọmọ fi ọwọ́ ṣe é. Orúkọ ara ẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ fi àmì sí. Ìwé Alawiye ti J. F. Odunjo ṣì wúlò bí ẹ bá rí i rà; ẹ sọ fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé kó bá yín rà á.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwa tí a wá láti Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Kúwárà. Àwọn Òwòrò tó wà nítòsí ìlú yìí, àti àwọn Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Kàbà, Yorùbá náà ni wọ́n, onílé sì ni wọ́n ní Kogí. Bí ọmọ yín bá gbé ọ̀rọ̀ wọn wálé, ẹ má ní kò sọ ọ́ dáadáa. Ẹ bi í pé báwo ni àwa ṣe ń sọ ọ́, kó mọ méjèèjì.

Ìṣirò láì ra nǹkan kan

Òǹkà Yorùbá fúnra ẹ̀ ìṣirò ni. Ẹ ka ogún ẹ̀pà sílẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ mú mẹ́rin kúrò. Ohun tó kù ni mẹ́rìndínlógún, orúkọ ẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tó ṣe: mẹ́rin dín ní ogún. Ẹ dá a padà, kó mú mẹ́ta kúrò, mẹ́tàdínlógún. Àkàndé ń ṣe àyọkúrò kó tó mọ̀ pé ó lórúkọ. Ọpọ́n ayò náà ńkọ́? Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ìkọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Kí ọmọ máa tò ó sínú ihò lójoojúmọ́, ìgbà mẹ́rin á wọ orí ẹ̀ láì sí pé ẹnikẹ́ni mú un kọrin.

Ọjà Kpata ńkọ́? Ẹ mú un dání bí ẹ bá ń lọ ra ẹja. Kó mú owó dání, kó gba ṣéńjì, kó kà á. Mo ní ẹ mú un lọ́wọ́ o. Odò ò mọ̀ pé ọmọ ń kàwé lọ́wọ́.

Ìlú tí a wà yìí náà ìwé ni

Àwọn ọmọ kan ní Èkó ń rí ibi tí Ọya àti Benue ti pàdé nínú àwòrán. Àwọn tiwa lè rí i fójú ara wọn, pé àwọ̀ omi méjèèjì ò jọra kí wọ́n tó dà pọ̀. Ẹ gbé wọn gun Mount Patti lọ́jọ́ tí òkùnkùn òjò ò bá ṣú. Ẹ sọ fún wọn pé Lọ́kọ́jà ni wọ́n ti gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, nígbà tí Lugard gba òkè Ọya fún ìjọba wọn. Ẹ mú wọn dé ilé ìwé Holy Trinity, tí ìtàn ìlú gbà pé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865, tí wọ́n sì ń pè ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní òkè Ọya. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ló wá ń dá ilé ìwé sílẹ̀ létí odò yìí. Ọmọ mi béèrè pé, "Ta ló wá kọ́ òun alára?" Ìbéèrè yẹn gbé wa dé Sierra Leone, ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta.

Bí wọ́n bá sọ fún yín lórí òkè pé ibẹ̀ ni Flora Shaw jókòó sí tó fi fún Nàìjíríà lórúkọ, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Inú ìwé ìròyìn The Times ní London ló ti kọ orúkọ náà, ní oṣù kìíní ọdún 1897, kó tó di ìyàwó Lugard ní 1902. Ẹ má fi ìtàn adùn-ún-gbọ́ kọ́ ọmọ.

Ẹgbẹ́, aládùúgbò, àti ọmọ ọ̀dọ̀

Àwọn èèyàn á sọ̀rọ̀. Wọ́n ní a ò lówó ilé ìwé ni. Apá kan ẹ̀ jóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó kan yín ju ẹnu aráyé lọ ni pé ọmọ nílò ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, èmi àti àbúrò ẹ̀ tó wà lẹ́yìn mi nìkan ni Àkàndé ń rí látàárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà bí ọmọ míì bá fọwọ́ kan nǹkan ẹ̀. A wá kó ara wa jọ, ìyá mẹ́ta, ọjọ́ Tuesday lọ́dọ̀ ọ̀kan, Thursday lọ́dọ̀ èkejì. Ilé kéwú tàbí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi náà ṣe é, bí ẹ bá ní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe tíṣà. Mo rí ilé kan tí wọ́n ti ń yangàn pé ọmọ àwọn ń kàwé nílé, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá tí wọ́n mú wá láti abúlé ló ń kọ́ ọ, òun fúnra ẹ̀ ò sì lọ sí ilé ìwé kankan. Òfin UBE tí mo sọ lókè yẹn, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn gan-an ló ń sọ. Bí kò bá sí àgbàlagbà tó lè wà nílé fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, ẹ gbé ọmọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ọmọ bá sì pé ọdún mẹ́ta tí kò sọ̀rọ̀, tàbí tí ẹ pè é lẹ́yìn tí kò yíjú, dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i.

Nígbà tó bá máa wọ ilé ìwé

Ẹ máa kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀. Ìwé kékeré kan, ọjọ́ àti ohun tí a kọ́, ó tó. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ àjọ tó ń ka ènìyàn, NPC. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, kí ẹnikẹ́ni má gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ má sọ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára nù. Ètò ẹ̀kọ́ tí àwọn ilé ìwé ń tẹ̀ lé, NERDC ló ń ṣe é, ẹ lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ ohun tí kíláàsì kìíní ń retí.

Ní ọdún tó kẹ́yìn, mo fi ìṣẹ́jú ogún Gẹ̀ẹ́sì kún un lójoojúmọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi dán an wò. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ló wọ kíláàsì kìíní. Ó ka ohun tí wọ́n gbé fún un, ó ṣe ìṣirò ẹ̀. Ohun tó wá dà á láàmú ni èyí tí mi ò ronú kàn: kò lè tètè da ohun tó wà lójú pátákó kọ, torí kò rí pátákó rí. Bí ó bá sì ti wù ú, ó máa ń dìde láàárín kíláàsì lọ mu omi. Tíṣà ẹ̀ ní sùúrù. Ó gbà á ní tàámù kan kó tó bá wọn mu. Fún àbúrò ẹ̀, mo ti ra pátákó kékeré kan àti ṣọ́ọ̀kì, mo gbé e kọ́ ògiri, a sì máa ń na ọwọ́ sókè kí a tó dìde. Agogo yẹn ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.